Ìbuwọ́lù Ẹ̀yìn Ṣẹ́ẹ̀kì Màmá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ọdún kejì ní girama ni mo ti kúrò nílé ìwé, láti ìgbà náà, yàtọ̀ sí nọ́ńbà tí mo ń kọ sára páálí níbi iṣẹ́, mi ò fi bẹ́ẹ̀ kọ nǹkan kan. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ kó dùn. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ni màá ṣe sọ ọ́. Ibi tí kò bá ti lọ geere, ẹ bá mi gbójú fò ó.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni mo ń gbé, ní Clarkston. Gbogbo wa, títí kan àwọn ará ìjọ, Màmá là ń pè wọ́n. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ní yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan ní Atlanta yìí, tí wọ́n ń ká aṣọ ibùsùn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣẹ́ẹ̀kì ránṣẹ́ sí wọn lóṣooṣù. Òun ni wọ́n fi ń san owó ilé, òun náà ni wọ́n fi ń ra òògùn.

Wọ́n ní ọmọ ọkùnrin kan ṣoṣo, nọ́ọ̀sì ni, ó ní ilé ńlá kan ní Loganville. Brọ̀dá ni mò ń pè é. Ó ti sọ fún mi títí pé kí n yé fi “ẹ” bá òun sọ̀rọ̀, pé mò ń sọ òun di arúgbó. Mi ò lè ṣe é lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí, “ó” ni màá máa kọ fún un, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má baà dàrú mọ́ ti Màmá.

Ó ti bẹ Màmá títí pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Màmá ní àwọn ò lọ. Wọ́n ní ẹni tí kò bá ní mọ́tò ní Loganville, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé ni. Ní Clarkston, wọ́n lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ ra iṣu, wọ́n lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n mọ gbogbo ẹni tó ń gbé nínú ọgbà wa, ará Kóńgò, ará Bọ́mà, ará Ẹritíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín àti ọwọ́ jíjù ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí mo bá ń dárúkọ ṣẹ́ẹ̀kì Màmá, kì í ṣe owó nìkan ni mò ń wí. Bí ṣẹ́ẹ̀kì yẹn bá dáwọ́ dúró, ilé wọn nìyẹn tó lọ. Loganville ló kù.

Ṣẹ́ẹ̀kì tí wọ́n lè fi ọwọ́ mú ni wọ́n fẹ́. Brọ̀dá ní kí owó náà máa wọ báǹkì tààrà, wọn ò gbà. Ìjọba fúnra rẹ̀ kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé àwọn fẹ́ jáwọ́ nínú fífi ṣẹ́ẹ̀kì sínú lẹ́tà, pé olè pọ̀ lójú ọ̀nà. Màmá ní irọ́ ni. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹnìkan ti pè wọ́n lórí fóònù nígbà kan, ó ní ìjọba lòun, kí wọ́n ka nọ́ńbà àkáǹtì wọn fún òun. Wọ́n kà á fún un, owó inú rẹ̀ sì lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ti ń béèrè nọ́ńbà báǹkì, ìbáà jẹ́ ìjọba, olè ni lójú Màmá. Lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n fà á ya.

Ọjọ́rú kẹta nínú oṣù ni àpòòwé náà máa ń dé. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ àpótí lẹ́tà wà. Àpótí gbogbo ọgbà wa wà lójú kan, wọ́n tò ó lérí ara wọn sínú irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Nítorí pé ojoojúmọ́ ni mò ń lọ wò ó, Brọ̀dá sọ mí ní Madam Post Office.

Bí mo bá ti mú ṣẹ́ẹ̀kì wọlé, màá kúnlẹ̀, màá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Màmá. Wọ́n á fi ọ̀bẹ tí a fi ń pa bọ́tà la etí àpòòwé. Wọ́n á gbé ṣẹ́ẹ̀kì náà sókè sí ojú fèrèsé, kí wọ́n lè rí àwọn lẹ́tà kan tó fara pamọ́ sínú ìwé náà, tí ojú kì í rí àfi bí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú rẹ̀ kọjá. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ló tẹ̀ lé e. Wọ́n á fi ahọ́n tọ́ ìka, wọ́n á fi ra òǹtẹ̀ tó wà lójú ṣẹ́ẹ̀kì. Ẹnìkan nínú ìjọ ló sọ fún wọn pé bí òǹtẹ̀ náà bá jẹ́ ojúlówó, omi á mú kí tàdáwà rẹ̀ ṣàn, á sì pọ́n. Lóṣooṣù ló ń pọ́n. Lóṣooṣù ni Màmá ń ní, “Ti ìjọba ni.” Ọmọbìnrin kan ní báǹkì bi mí nígbà kan pé kí ló dé tí ṣẹ́ẹ̀kì wa máa ń ní àbàwọ́n pupa. Mi ò mọ bí mo ṣe máa fi òyìnbó ṣàlàyé itọ́ Màmá. Mo kàn ní kó má bínú.

Ọdún tí mo dé, nígbà òtútù, ni ìka Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í le. Aṣọ tí wọ́n ká fún ọdún mọ́kàndínlógún ló padà wá bá wọn. Lọ́jọ́ kan, ó kan ibi tí wọ́n máa ń fọwọ́ sí lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀kì, bírò bọ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n nà án sí mi. “Gbà, bá mi kọ ọ́.” Mo gbà á, mo kọ ọ́.

Bí mo ṣe ń bá wọn de bọ́tìnnì ẹ̀wù, bí mo ṣe ń bá wọn ṣí ìdérí ìgò òògùn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bá wọn kọ orúkọ wọn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni mo máa ń bá ìyá ìyá mi fọwọ́ sí ìwé nílé ìwòsàn, àwọn nọ́ọ̀sì á sì máa yìn mí pé ọmọ tó ń ran àgbà lọ́wọ́ ni mí. Kò wá sí mi lọ́kàn pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn bíìlì iná kọ́ ọ títí ó fi mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fi ìrù gígùn kan sí lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ wọn. Màmá á wò ó, wọ́n á ní ó dà bíi ti ẹni tó ka ìwé dé yunifásítì. Inú mi máa ń dùn. Nǹkan tí wọ́n lè fi yìn mí kò pọ̀. Ó lé ní ọdún méjì tí mo fi ṣe é.

Lọ́jọ́rú kan, mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní apá Lithonia ni mo ti ń ṣiṣẹ́, arábìnrin kan nínú ìjọ ló máa ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ tó ń gbé mi bọ̀. Bó ṣe já mi sílẹ̀, mo rí i láti òkèèrè pé ilẹ̀kùn ńlá tó bo gbogbo àpótí lẹ́tà, èyí tó jẹ́ pé apínlẹ́tà nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ṣí sílẹ̀ gbayawu. Atẹ́gùn ń mì í. Kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀ ju ìwé ìpolówó píìsà lọ. Kọ́kọ́rọ́ tiwa wà lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí, mo ṣì fi ṣí ilẹ̀kùn kékeré tiwa tó wà lára ilẹ̀kùn ńlá náà. Mo wo inú rẹ̀. Mo rí koríko ní òdì kejì.

Obìnrin ará Kóńgò tó ń gbé nísàlẹ̀ wa dúró síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orí. Òun náà ń retí lẹ́tà. A wo ara wa, a kò ní èdè tí a lè fi bá ara wa kẹ́dùn.

Màmá ti wọ bùbá tó mọ́, wọ́n ti gbé ọ̀bẹ sórí tábìlì. Mo kúnlẹ̀, mo sọ fún wọn.

“Ṣé o wò ó dáadáa?”

Mo ní mo wò ó dáadáa.

“Padà lọ wò ó.”

Mo padà lọ.

Gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e, mi ò ní lè sọ ọ́ tán, nítorí ó ń rẹ̀ mí bí mo bá ti ń rántí rẹ̀. Brọ̀dá san owó ilé oṣù yẹn. Ó ní òun á san ti oṣù kejì, ṣùgbọ́n bí ìjọba ò bá dá ṣẹ́ẹ̀kì náà padà kí ó tó di oṣù kẹta, mọ́tò akẹ́rù lòun máa gbé wá, kò tún ní sí àríyànjiyàn. Lójoojúmọ́ tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́, èmi ni mo ń gbé fóònù sétí tí mò ń gbọ́ orin kan náà fún wákàtí kan, wákàtí kan àbọ̀. Bí ènìyàn bá wá gbé e níkẹyìn, á ní kí Màmá fúnra wọn sọ ọjọ́ ìbí wọn kí òun lè mọ̀ pé àwọn ni. Màmá á ní kí n bi ẹni yẹn léèrè ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bí òun náà ná. Èmi á ní kó dúró díẹ̀, màá bẹ Màmá, wọ́n á kọ̀, ẹni yẹn á gé fóònù, orin á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni wọ́n tó sọ ọ́, pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni pé agbára ni wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àpòòwé ńlá kan dé. Wọ́n ti fi irin tuntun de àpótí lẹ́tà nígbà náà. Fọ́ọ̀mù ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ojú àti ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀kì Màmá. Ẹnìkan ti gba owó rẹ̀. Mo yí ìwé náà sí ibi ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀kì, mo rí ohun tí olè náà kọ. Kò tilẹ̀ gbìyànjú. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ Màmá nìkan ló kọ, ó wá fa ìlà játijàti kan tẹ̀ lé e. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé tèmi dára jù ú lọ.

Ìgbà náà ni mo yára ká ìwé náà pọ̀.

Mo mú fọ́ọ̀mù náà lọ síbi iṣẹ́, mo kà á nígbà ìsinmi oúnjẹ, ọ̀rọ̀ tí mi ò bá mọ̀, mo wò ó nínú fóònù. Wọ́n béèrè bóyá Màmá ló fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì náà. Wọ́n béèrè bóyá Màmá ti yọ̀ǹda fún ẹnikẹ́ni rí láti bá wọn fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì. Wọ́n fi àyè mẹ́ta sílẹ̀ kí Màmá fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí àwọn lè fi wé èyí tó wà lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀kì. Nísàlẹ̀, wọ́n sọ ohun tí òfin lè fi ẹni tó bá purọ́ ṣe. Ìlà yẹn, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mi ò jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Brọ̀dá wá lẹ́yìn ìsìn, ó gbé kúlà ìrẹsì dání tí ìyàwó rẹ̀ fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ òru méjì ló ṣe tẹ̀ léra, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi béèrè fọ́ọ̀mù, ó sì kà á kíá, bí àwọn tó ka ìwé ṣe ń kà.

“Madam Post Office, mú bírò wá.”

Mo mú un wá. Ó fi ìka han ibi mẹ́ta náà. Ó ní kí n kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń kọ ọ́, ìrù gígùn àti gbogbo rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti bá Màmá fọwọ́ sí i rí, ó ní rárá ni kí n kọ.

Mo dúró. “Brọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ẹni tó ni ṣẹ́ẹ̀kì ni kó fọwọ́ sí i fúnra ẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ṣé òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀?”

Ó dùn mí nítorí pé òótọ́ ni. Òun náà rí i pé ó dùn mí, ó fa àga kan fún mi. Brọ̀dá kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi wọ́ọ́rọ́wọ́. Gbogbo ṣẹ́ẹ̀kì ọdún méjì wà lọ́wọ́ ìjọba, ìkọ̀wé mi ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Bí Màmá bá fi ọwọ́ tó ti le yìí kọ orúkọ wọn síbẹ̀, kò ní jọ ọ̀kankan nínú wọn. Ìjọba lè ní olè ló gba gbogbo èyí tó ti kọjá. Wọ́n á béèrè ẹni tó ń gbé inú ilé. Wọ́n sì lè má san èyí tó sọnù yìí rárá.

“Ìwé ìgbélùú tó o béèrè fún náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn,” ó ní. “Ìwọ ni mò ń rò.”

Màmá ti ń wò wá láti orí àga wọn. Wọ́n ní kí ló burú nínú ọ̀rọ̀ yìí tí à ń fi ohùn kékeré sọ ọ́. Àwọn ló ní kí n kọ ọ́.

Brọ̀dá ní, “Màmá, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n níbí, bí kò bá ti sí ìwé tí ẹ fi yọ̀ǹda fún un, ayédèrú ni wọ́n ń pè é.”

“Ṣẹ́ẹ̀kì mi ni ayédèrú? Èyí tí mo ń fi itọ́ dán wò?”

Brọ̀dá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in. Màmá wo ọwọ́ wọn méjèèjì tó wà lórí itan. Wọ́n gbìyànjú láti na ìka, kò nà tán.

“Ọmọ yìí ò jí nǹkan kan,” wọ́n ní.

“Mi ò sọ pé ó jí nǹkan, Màmá. Ohun tí ìwé sọ ni mò ń sọ.”

Màmá wá yíjú sí mi. “Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ fẹ́?”

Kò sẹ́ni tó bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé yẹn, pàápàá bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé. Wọ́n ń bi mí bóyá mo ti gbé e wá, bóyá mo ti kọ ọ́. Mo wo ilẹ̀. Mo ní ìrẹsì ti fẹ́ tutù. Mo dìde lọ bu oúnjẹ.

Brọ̀dá jẹun, ó sùn díẹ̀ lórí àga pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó ní òun á yà wá gba fọ́ọ̀mù náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí n ti kọ ọ́ tán. Ó fi ọwọ́ gbá mi léjìká jẹ́jẹ́, ó ní kí n má da ara mi láàmú, pé ìjọba ò ní àyè láti máa wo ìrù lẹ́tà. Mo ní ẹ ṣé, Brọ̀dá.

Màmá kò jẹ ju ṣíbí méjì lọ. Wọ́n jókòó síbi fèrèsé, wọ́n ń wo àwọn ọmọ ará Bọ́mà tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín mọ́tò. Mo ń fọ abọ́ nígbà tí wọ́n pè mí.

“Bí a ò bá rí i gbà,” wọ́n ní, “ṣé àpótí aṣọ mi méjèèjì á wọ inú mọ́tò akẹ́rù yẹn?”

Mo ní á wọ̀ ọ́. Wọ́n ní ó dáa.

Mo mọ̀ pé mo lè kọ ọ́. Mo lè kọ ọ́ kó jọra lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó fi jẹ́ pé Màmá fúnra wọn ò ní lè sọ pé àwọn kọ́. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé bí mo bá kọ ọ́, èmi ni màá máa kọ ọ́ lọ, lórí gbogbo ìwé tó bá tún wọlé, títí ọjọ́ tí ẹnìkan máa tó wò ó fínní. Ọjọ́ yẹn, Màmá lè má lè sọ̀rọ̀ mọ́. Kò ní sẹ́ni tó máa sọ pé òun ló ní kí n kọ ọ́. Bí mi ò bá sì kọ ọ́, ó lè jẹ́ èmi ni mo fọwọ́ ara mi kó ẹrù Màmá lọ sí Loganville. Mo gbé e síbí, mo gbé e sọ́hùn-ún, ó rẹ̀ mí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí arábìnrin tó ń gbé mi pé mi ò ní wá. Mo bu omi gbígbóná sínú abọ́, mo ní kí Màmá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Nígbà tí ìka wọn rọ̀ díẹ̀, mo fi aṣọ wé bírò kó lè nípọn, mo sì gbé fọ́ọ̀mù síwájú wọn. Wọ́n wò mí, wọn ò béèrè nǹkan kan. Wọ́n kọ orúkọ wọn. Ó pẹ́ gan-an. Wọ́n sinmi, wọ́n kọ èkejì, wọ́n tún sinmi. Ẹ̀kẹta yọ kúrò lórí ìlà, ó sọ̀ kalẹ̀ bíi pé ó fẹ́ já bọ́ láti orí ìwé. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ẹnìkan ti bá wọn fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì rí, mo kọ bẹ́ẹ̀ ni. Mo kọ orúkọ mi. Mo fi òyìnbó mi tí kò dán mọ́rán kọ ọ́ pé ọmọ àbúrò wọn ni mí, pé àwọn ni wọ́n ní kí n máa kọ ọ́ nítorí ìka wọn, láti ìgbà òtútù tí mo dé. Mo fi Yorùbá ka gbogbo rẹ̀ fún Màmá. Wọ́n mi orí pé ó dáa. Mo wọ kóòtù, mo wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, mo gba nọ́ńbà, mo jókòó sí ìlà ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n pe nọ́ńbà mi, mo ti fọ́ọ̀mù náà gba abẹ́ gíláàsì, mo sì fi ìka han obìnrin tó wà níbẹ̀ ibi tí mo kọ orúkọ mi sí.